Àìní Kọkànlá

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi èdè Faransé kọ́ àwọn olùtọ́jú aláìsàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ àìní 14 tí Virginia Henderson, olùtọ́jú aláìsàn ọmọ Amẹ́ríkà, tò sílẹ̀ ní àkọ́sórí. Mímí ni àkọ́kọ́, jíjẹ àti mímu ni ó tẹ̀ lé e. Ìkọkànlá ni pé kí aláìsàn lè máa ṣe bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti wí.

Àwa tí a ń yẹ ìwé wọn wò mọ bí wọ́n ti máa ń dáhùn ìkọkànlá yìí: "Mùsùlùmí", tàbí "Kátólíìkì". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó parí. Orúkọ ẹ̀sìn ti wọ inú ìwé, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tí ó ń gbé ọkàn ẹni náà ró.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí a ń kọ́ wọn nìyẹn: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí wọ́n kí àgbà bí ọmọ ti í kí i, kí wọ́n tó béèrè pé: "Ìyá, kí ni ó máa ń fi yín lọ́kàn balẹ̀ bí nǹkan bá le? Ǹjẹ́ ẹ ní èèwọ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀? Ta ni ẹ ń fẹ́ kí a ránṣẹ́ pè?" Ìdáhùn ni yóò fi iṣẹ́ hàn wọ́n, nítorí pé ní Àjàṣẹ́, onírúurú ẹlẹ́sìn lè jọ sùn sínú yàrá kan. Mùsùlùmí tí omi kò gbọdọ̀ kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè ṣe tàyámọ́mù. Kí a bá a yí ibùsùn sí ọ̀nà Mẹ́kà. Kátólíìkì lè fẹ́ kí àlùfáà wá fi òróró yàn án. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ ọlọ́rìṣà kì í ṣe ohun tí a ń gé láìbéèrè.

Òfin kan wà tí a kì í yẹ̀: a kò gbọdọ̀ wàásù fún aláìsàn. Ẹni tí ó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn kò lè dìde kúrò níwájú oníwàásù.

Èdè ni ó wá ṣòro jù. Faransé ni a fi ń kọ́ni. Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, Yorùbá ni àwọn àgbà fi ń sọ ìrora wọn. Bí ìyá àgbà kan bá wí pé, "Orí mi ni mò ń bẹ̀," akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí ń fọ́ ọ. Ìyá ń bẹ orí inú rẹ̀. Oògùn orí fífọ́ ni wọn yóò gbé wá.

Nítorí náà, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n tó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé sí ìsàlẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá ṣòro, kí wọ́n lọ bi àgbà. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wá yín tì.