Ohun Tí Wọ́n Fi Sábẹ́ Ojú

Ojú obìnrin kan ní Ìlaró jìn wọnú. Gbogbo ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ló ń bèèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Ó lọ sí Èkó, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ filler, ohun tí wọ́n fi ń kún kòtò, sábẹ́ ojú méjèèjì, ó sì fi ojú wíwú wọlé. Láàárín gáréèjì sí ilé, àwọn aládùúgbò ti ń kí i kú àṣẹ̀yìndè.

*

Mílílítà kan ló sábà máa ń wà nínú sírínjì filler. Ṣíbí tíì kan gba sírínjì márùn-ún. Ohun tó ń wọ abẹ́ ojú kan kì í sábà ju ìdajì sírínjì lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí tíì. Wọn kì í fi ṣíbí wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń sanwó.

*

Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n ń fún ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà kì í gùn: kó má fọwọ́ ra ojú, kó má mutí, kó fi ìrọ̀rí méjì sùn, kó má ṣe eré ìdárayá tó le, kó má wọ yàrá ooru tí àwọn òyìnbó fi ń làágùn. Ìwé náà ò dárúkọ gàrí yíyan. Ẹni tó jókòó ti agbada gàrí ní Ayétòrò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè búra pé òun ò wọ yàrá kankan.

*

Wọ́n tún ní kó má dorí kodò fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Nínú ìrun wákàtí márùn-ún òòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni iwájú orí ń kan ilẹ̀.

*

Ọdún 1934 ni Karl Meyer àti John Palmer, ní New York, kọ́kọ́ yọ hyaluronic acid sọ́tọ̀, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ filler tí wọ́n ń lò lónìí. Inú ẹyinjú màlúù ni wọ́n ti rí i. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ń yọ ọ́ nínú ogbe àkùkọ. Ní báyìí, bakitéríà ló ń bá wọn ṣe é ní ilé iṣẹ́. Ní ọjà Sáyédèrò ní Ìlaró, ẹni tó bá ra orí màlúù ló ni ẹyinjú. Alápatà kì í gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀.

*

Hyaluronic acid a máa fa omi mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ ojú tó gbà á fi lè máa wú, ìdí nìyẹn náà tí dókítà fi ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Ilé kan gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu pátápátá. Wọn ò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ mọ́. Màgí mẹ́rin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

*

Ilé ìwòsàn ní áìsì ni kí wọ́n lò. Ìyá àgbà ní aṣọ gbígbóná ni. Ní ti wíwú ọjọ́ kìíní, ilé ìwòsàn ló jàre, nítorí ohun tútù ló ń mú wíwú rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí filler bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ibẹ̀ ń ro ún-ún, tí awọ sì ń pàwọ̀ dà, áìsì á tún máa fún iṣan náà pọ̀ ni. Ìgbà náà ni àwọn dókítà fúnra wọn ń mú aṣọ lílọ́ wọ́ọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ra ibẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí ń tú filler. Ìyá àgbà tọ̀nà. Ọjọ́ tó sọ ọ́ ni kò tọ̀nà.

*

Oògùn tí ń tú filler yìí ń jẹ́ hyaluronidase. Inú kórópọ̀n àgbò tàbí ti akọ màlúù ni wọ́n ti ń yọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn wà tí ilé iṣẹ́ ń ṣe láìfọwọ́ kan ẹran. Ẹni tó ń lọ gba abẹ́rẹ́ filler a máa bèèrè iye rẹ̀, a máa bèèrè ọjọ́ tí wíwú yóò lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kó bèèrè bóyá ti àgbò wà nílé.

*

Àwọn kan tó ti tú filler wọn dànù ní ojú àwọn wá jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà á mú fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá jáde fún wọn. Wọ́n á wo fọ́tò náà títí, wọ́n á ní kámẹ́rà ò dáa.

*

Ní ọdún 1899, ní Vienna, dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Gersuny gún páráfínì sínú àpò ẹpọ̀n ọ̀dọ́kùnrin kan tí àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ti gba kórópọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí bí ó ṣe yẹ kó rí. Ibẹ̀ ni páráfínì ti gbéra, ó di ti imú, ó di ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di ti ojú àwọn ọlọ́lá.

*

Gladys Deacon, arẹwà ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé Yúróòpù, fẹ́ kí imú òun gún bí ti ère àwọn ará Gíríìsì. Wọ́n gún un ní páráfínì nígbà tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Páráfínì náà rìn, ó sọ̀kalẹ̀ sí àgbọ̀n rẹ̀. Ó ṣì fẹ́ Dúùkù Marlborough ní 1921. Ọdún 1977 ló kú, páráfínì náà ò sì padà sí imú.

*

Orí páálí, ọdún kan ni filler ń lò, nígbà míràn kò tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán MRI ti bá a nílé lábẹ́ ojú àwọn ènìyàn lẹ́yìn ju ọdún méjì lọ. Ọjà tó pẹ́ ju ìlérí ẹni tó tà á, tí oníbàárà sì tún ń bínú, kò wọ́pọ̀ ní Sáyédèrò.

*

Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí filler tó ń jẹ́ Restylane fún ìlà tó máa ń wà láàárín imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò dárúkọ abẹ́ ojú. Ọdún 2022 ni filler kan, Volbella, tó gba ìyọ̀ǹda fún kòtò abẹ́ ojú. Láàárín ìgbà méjèèjì, àwọn dókítà ò jókòó lásán.

*

John Tyndall, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ireland, lo àkókò púpọ̀ lẹ́yìn 1860 láti wá ìdí tí ojú ọ̀run fi ní àwọ̀ búlúù. Bí filler bá sún mọ́ òkè awọ jù, abẹ́ ojú náà á hàn ní búlúù, orúkọ Tyndall sì ni àwọn dókítà fi ń pe àbùkù yìí. Àwọn tó bá rí i sábà máa ń rò pé àìsùn ló fà á. Ẹlòmíràn á tún lọ gba filler kún un.

*

Ìwé àwọn dókítà ní bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá dí, awọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ funfun. Ẹni tí wọ́n ń rò lọ́kàn kí wọ́n tó kọ èyí kò dúdú. Lára awọ dúdú, eérú ló lè jọ, tàbí kó rí ṣákaṣàka bíi ti mábù, tàbí kí ojú má tètè rí nǹkan kan. Dókítà tó mọṣẹ́ á fi ìka tẹ awọ náà, á sì ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi padà síbẹ̀, á sì tún gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ké gbọ́. Ìrora tó le ju ti abẹ́rẹ́ lọ kì í wo àwọ̀ ẹni.

*

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, FDA kìlọ̀ pé filler lè ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú: ó lè fọ́ ojú, ó lè fa rọpárọsẹ̀. Awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kì í sábà fara da àìrẹ́jẹ̀ ju bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ. Láti Ìlaró sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbá, Abẹ́òkúta, Pápáláńtò ni ọ̀nà gbà. Àwọn dírẹ́bà ojú ọ̀nà náà kì í dá wákàtí. Wọ́n á ní a ó débẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

*

Ìjọba àpapọ̀ ti ààlà ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ìdí-Ìrókò ò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ìrẹsì, adìyẹ inú yìnyín àti bẹntiróòlù ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń wá nínú búùtù ọkọ̀. Pọ́ọ̀sì obìnrin kan ṣoṣo gba filler tó lè kún ojú gbogbo ẹbí. Ìwé inú páálí ní kí wọ́n tọ́jú filler láàárín digirí 2 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oṣù kẹta ní Ìlaró ò ka ìwé náà.

*

Tìróò kò gba abẹ́rẹ́, kò sì gba dókítà. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin oṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ ìdílé Nàìjíríà. Òjé wà níbẹ̀: máíkírógíráàmù 13 nínú désílítà kan. Tìróò tó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ń fi sí i lójú, kí ojú rẹ̀ lè fani mọ́ra, kó sì lè ríran dáadáa. Wọ́n yẹ tìróò náà wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bá jà jù.

*

Ìyá olójà kan ní Ayétòrò a máa fi ìgò tìróò lé oníbàárà lọ́wọ́ kó gbé e wò. Ó ní ayédèrú kì í wúwo.

*

Dókítà Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ròyìn ní 1975 pé àwọn obìnrin tó ti ń fi ìpara hydroquinone bóra fún ìgbà pípẹ́ ti ń dúdú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àyíká ojú ló máa ń le jù, wọ́n á dúdú bí aró. Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fi ìpara náà kún un.

*

Ìpara mìíràn wà tó ní steroid nínú. Bí wọ́n bá ń pa á yí ojú ká fún oṣù púpọ̀, ìfúnpá inú ẹyinjú lè ga, ojú sì lè fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń pa á kí wọ́n lè máa wo òun lè má rí wọn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó.

*

Nígbà kan rí, àwọn obìnrin Ọ̀họ̀rí, lápá ààlà Pobè ní Benin, a máa fín kóló. Olóólà á fi abẹ sín ara, á sì fi dúdú pa á. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, tó sá lọ láàárín iṣẹ́, ìdajì iṣẹ́ náà ló máa gbé ká títí ayé, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa fi í rẹ́rìn-ín.

*

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀. Ìtanràn rẹ̀ kò ju ₦5,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lóde òní, kò dájú pé ₦5,000 kárí àlọ àti àbọ̀ Ìlaró sí Lẹ́kí ní Èkó.

*

Ní ilẹ̀ Yewa àti Kétu, ọkùnrin ló ń jó gẹ̀lẹ̀dẹ́, obìnrin ni wọ́n sì fi ń ṣe àfijọ. Aṣọ dídì ni ìdí. Igi gbígbẹ́ ni ọmú. Ojú ère náà yọ síta, kò jìn rárá. Bí ijó bá parí, wọ́n á tú ìdí, wọ́n á gbé ọmú sí kọ̀rọ̀, wọ́n á lọ mu ẹmu. Láti ọdún 2008 ló ti wà nínú ìwé àjogúnbá UNESCO, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

*

Nígbà tí wọ́n ń yẹ àjẹsára kòrónà ti Moderna wò ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn méjì àti ètè ẹnì kan wú lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti gba filler síbi tó wú náà. Apá ni wọ́n gún.

*

Nínú fọ́tò, fóònù ń kún kòtò ojú lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í bá ẹnikẹ́ni dé òde ìnáwó.

*

Kòtò abẹ́ ojú yàtọ̀ sí àpò abẹ́ ojú. Filler lè bo kòtò. Bí wọ́n bá kó o lé àpò, àpò náà ló máa tóbi sí i. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbé àpò tirẹ̀ lọ fún dókítà kan ní Èkó. Dókítà náà wò ó, ó ní filler ò yẹ fún un, ó gba owó àyẹ̀wò nìkan. Bàbá náà ti ń sọ káàkiri Ìlaró pé dókítà yẹn ò mọṣẹ́. Wọ́n ti júwe òmíràn fún un ní Ìkẹjà, ẹni tí kì í dá ènìyàn padà.