Ará Ìkẹ́nnẹ́ tó wá wo bọ́ọ̀lù n'Ìbàdàn: àlejò ni àbí onílé?

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ bí ẹnu ṣe ń kó bá èèyàn, kó wá jókòó sáàárín àwọn ọmọ Shooting ní pápá Adamásìngbà lọ́jọ́ tí Remo Stars bá wá sílùú, kó sì pariwo "góòlù!" nígbà tí àwọn Rẹ́mọ bá gbá ọ̀kan wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n máa pa á o. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú tó wà lápá ibẹ̀ ló máa yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó pa ẹnu dé, ẹnì kan á ti bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti wá gan-an?"

Ká ní ọkùnrin kan gbéra n'Ìkẹ́nnẹ́ láàárọ̀ Sọ́ńdè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà náà ò sì jìn. Bó bá ti kọjá Ṣàgámù, tó bọ́ sójú títì márosẹ̀, ó di Toll Gate, ó di Challenge. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tó jẹ́ pé ayé Muda Lawal àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló wá gbẹ̀yìn, Ring Road ló máa kọ́kọ́ yà sí, torí ibẹ̀ ni Liberty wà. Á débẹ̀, á bá a tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran. Onímáíkírà kan á yọjú, á ní, "Bàbá, Adamásìngbà ni wọ́n ti ń gbá a o. Ẹ wọlé, Dùgbẹ̀ ni mò ń lọ."

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ará Ìkẹ́nnẹ́ kọjá Liberty láì wò ó dáadáa. Ní 1960 ni wọ́n ṣí pápá náà, nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń ṣèjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní August 1963, débi tí ìyẹn ò lè jáde fún ìpele kẹjọ mọ́. Ní 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Obafemi Awolowo Stadium. Ta ni Awólọ́wọ̀? Ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́ ni. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1909, àmọ́ Ìbàdàn ló ti ṣòfin, ibẹ̀ ló ti ṣèjọba, ó sì kọ́lé sí Òkè-Bọ́lá. Àwọn àgbà kúkú máa ń sọ ọ́ pé àlejò ni Ìbàdàn ń gbè ju onílé lọ. Àlejò ọjọ́ Sọ́ńdè yìí ń kọjá lára pápá tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ ìlú ẹ̀, òun ló sì ń fi jákẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀wù ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀!

Bó bá dé Dùgbẹ̀, tó rí Cocoa House lókè fíofío, ó ti sún mọ́ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá tètè dé máa ń wá àmàlà jẹ kó tó wọlé. Bí ẹ̀wù bá yọ lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò burú púpọ̀, torí búlùú ni Shooting ń wọ̀, búlùú náà ni Remo ń wọ̀. Ìgbà tó bá ya ẹnu ẹ̀ ni wọ́n máa mọ̀ ọ́n. Ìjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ̀yin gba ife líìgì, 2025 náà ni. Àwa ti gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún." Àlejò náà ò ní gbà: "1998 kọ́ lẹ gbà á kẹ́yìn ni? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń kó ọmọ tiẹ̀ lọ síléèwé." Olóko àmàlà pàápàá á rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á wá pa á lówe pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Shooting sì lákìísà lóòótọ́: ẹ̀ẹ̀mejì ni Zamalek ilẹ̀ Íjíbítì gba ife Áfíríkà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní àṣekágbá, 1984 àti 1996.

Orúkọ Olóyè Lékan Sàlámì, ẹni tó fi owó àti ara ṣe wàhálà fún Shooting, ni pápá Adamásìngbà ń jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ló yí i ká. Nínú lọ́hùn-ún, ìlù ń dún, fèrè ń dún, "Up Shooting!" ń lọ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Àwọn bàbá tó jókòó sẹ́yìn á ti máa sọ ti 1976, nígbà tí wọ́n na Tonnerre ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní mẹ́rin sí ẹyọ kan n'Ìbàdàn, tí wọ́n wá di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n á fi ti 1992 kún un, tí wọ́n fi góòlù mẹ́ta sódo gba ife CAF mọ́ SC Villa ti Uganda lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni bí àlejò bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn àwọn òǹwòran líìgì Nàìjíríà pé onílé ló gbọ́dọ̀ borí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, rẹfirí ló jẹ̀bi. Èébú á bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á máa fò. Ọ̀pọ̀ pápá kárí Nàìjíríà ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, tó di òkúta, tí àwọn tó ń darí líìgì fi bu owó ìtanràn lé onílé, tàbí kí wọ́n ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù láìsí òǹwòran. Ta ló wá jèrè? Ẹni tí wọ́n bá sọ òkúta lù kò ní wá mọ́. Á jókòó sílé ìwòran ládùúgbò ẹ̀, á máa wo Arsenal àti Chelsea. Owó géètì lọ, owó olóko àmàlà lọ, ti onímáíkírà náà lọ.

Àwọn ará Ìbàdàn náà sì ti jẹ́ àlejò rí. Ní 1977, Kàdúná ni wọ́n ti gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì ìdíje tó kángun sí àṣekágbá pẹ̀lú Rangers ìlú Enugu. Ọ̀mì ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, pẹnáritì ló wá lé wọn dànù. Ẹni tó bá fojú rí i ò tíì gbàgbé bí ọ̀nà ilé ṣe gùn tó lọ́jọ́ náà. Ní sáà kan náà tí Remo bá wá s'Ádamásìngbà, Shooting náà á lọ s'Ìkẹ́nnẹ́. Èyí tí wọ́n bá ṣe fálejò níbí ń dúró dè wọ́n lọ́hùn-ún.

Bí fèrè ìparí bá dún, ilẹ̀ á ti fẹ́ẹ́ ṣú. Àlejò tó gbọ́n kì í dúró jiyàn lẹ́nu géètì. Máíkírà tó ń lọ sí Challenge ló máa wọ̀, bó sì ṣe rí ni dẹ́rẹ́bà á bi í pé, "Ta ló gbá a wọlé lónìí?" Ká ní Remo ló borí, á rọra dáhùn pé, "Shooting gbìyànjú gan-an ni, wọn ò kàn ṣoríire." Dẹ́rẹ́bà á mí kanlẹ̀, á ní Ọlọ́run á ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àlejò á ní àmín. Ó di ìgbà tí mọ́tò kejì bá kọjá Toll Gate kó tó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sọ sẹ́yìn, kó wá fi gbogbo ẹnu pariwo góòlù tó ti gbé mì láti ọ̀sán.