Aláǹgbá Inú Àpótí

Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní London fi fọ́tò aláǹgbá kan ránṣẹ́, ó na gbọrọ sórí òkúta nínú àpótí gíláàsì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹran ọ̀sìn mi nìyí." Leopard gecko ni. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Igbó-Elérin níbí, ní Okokomaiko, ìgbálẹ̀ la fi ń kí ọmọńlé tó bá yọjú lára ògiri. Ẹlòmíràn wá ń sanwó iná kí òtútù má baà mú ìbátan ọmọńlé.

Ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta Afghanístàn, Pakístàn àti Íńdíà ni ẹran yìí ti wá. Ìdí àpáta ló ń wà lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń jáde. Ìrù ló ń tọ́jú ọ̀rá sí de ìgbà ọ̀dá. Oúnjẹ rẹ̀ ni ìrẹ̀, ìrẹ̀ tí àwa ń sun jẹ lọ́mọdé.

Ojú àti ẹsẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọmọńlé kò ní ìpéǹpéjú tó ń pàdé, ahọ́n ló fi ń nu ojú. Leopard gecko ní tirẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó sì ń di ojú sùn. Ṣùgbọ́n kò lè gun ògiri dídán. Kí ló wá mú ọmọńlé lára àjà? Ní ọdún 2000, Kellar Autumn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára irun kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ tokay, gecko ńlá ti Éṣíà. Irun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó 500,000, orí wọn sì tún pẹ̀ka wẹ́wẹ́. Kò sí àtè níbẹ̀. Ní 2002 wọ́n fi hàn pé agbára van der Waals ni: ohun méjì tó bá sún mọ́ra gbágbágbá a máa fa ara wọn. Mo ti wo àjà títí ọrùn fi ń ro mí.

A ò sì ní láti dé Éṣíà ká tó rí èyí tó jọ leopard gecko. African fat-tailed gecko, tó ní ìpéǹpéjú bákan náà, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí kan Nàìjíríà. Ọ̀nà Àgbádárìgì tó gba Okokomaiko kọjá ló ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé. Láti apá ibẹ̀, ní Tógò àti Gánà, ni wọ́n ti ń kó gecko náà lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Erè tí àwọn ará Wìdà kọ́ tẹ́ńpìlì fún náà wà lára ẹrù ọ̀hún. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀. A ò mọ èyí tí yóò rí físà.

Bóyá jíjìnnà sílé ló ń sọ ẹranko di ọ̀ṣọ́. Bóyá ìdánìkanwà ló pọ̀ ní London. Èmi ò lè dá àbúrò ìyàwó mi lẹ́jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sin gecko, kó ra èyí tí wọ́n bí sínú ilé, kó má ra èyí tí wọ́n mú nínú igbó. Kó máa fọwọ́ lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án, nítorí ó lè gbé salmonella. Ó lè lo 15 sí 20 ọdún: ẹni tí kò bá ṣetán fún ìyẹn, kó má rà á.