Synth tó lè ya bíi gìtá punk: bí mo ṣe ná owó àjọ mi

Mo gba àjọ lóṣù tó kọjá, mo sì fi gbogbo ẹ̀ ra synth. Kì í ṣe Yamaha o. Synth kékeré kan báyìí tó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ló lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń bi mí pé kí ló ṣe mí ti pọ̀ jù, torí náà ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà síbí. Ó gùn. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ máa jẹun yín lọ.

Kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń wá. Èèyàn méjì la wà nínú báǹdì wa. Ọ̀rẹ́ mi ló ń pariwo (ó ní orin lòun ń kọ, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀), èmi ni mò ń ṣe gbogbo ìyókù. Kò sí onígìtá, kò sí onílù. Orin wa kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Punk ni: orin kúkúrú, eré sísá, ìbínú, kéèyàn má dúró dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ tí gìtá máa ń ṣe. Inú yàrá mi la ti ń ṣe é, nílé face-me-I-face-you kan n'Íbàdàn. Báǹdì ni wá lóòótọ́, àmọ́ àdúgbò wa ò sí ní Band A. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà dé orí iná.

Màámi ò bá mi jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Èwo nínú méjèèjì ló máa bọ́ ẹ?" Ìbéèrè yẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí pé èèyàn kan wà nínú ẹbí wa tí kíbọ́ọ̀dù ń bọ́. Bọ̀dá mi ń tẹ Yamaha PSR ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á tún gbé e lọ sóde àríyá lọ́jọ́ Sátidé. Fèrè wà nínú ẹ̀, fàolíìnì wà nínú ẹ̀, dùùrù wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ òsì tẹ kọ́ọ̀dù kan báyìí, odindi báǹdì á dìde tẹ̀ lé wọn. Owó iléèwé ọmọ ti ti ibẹ̀ jáde. Mi ò ní bú PSR láé, ẹnikẹ́ni tó bá ń bú u kò tíì ṣe òde rí.

Àmọ́ PSR ti jẹ́ ọmọlúàbí jù fún ohun tí à ń ṣe. Wọ́n ṣe é kó máa farawé ohun èlò orin míì, kó sì ṣe é ní mímọ́ tónítóní. Kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe fún èyí tí bọ̀dá mi ní tí ohùn ẹ̀ á fi bàjẹ́. Bàjẹ́ yẹn gan-an lèmi sì ń wá.

Ṣẹ́ ẹ mọ àwọn olóògùn tó máa ń gbé ọkọ̀ yí ìgboro ká, tí gbohùngbohùn wà lórí ọkọ̀ wọn? Kí ohùn ọ̀gbẹ́ni yẹn tó dé etí yín, ó ti ya bí aṣọ tó ti gbó. Síbẹ̀ ẹ ò lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ọ. Yíya yẹn ni onígìtá punk ń wá tó fi ń yí amp rẹ̀ dé òpin. Ìbéèrè tèmi ni pé synth wo ló lè ya báyẹn fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé mo tún lọ ra nǹkan mẹ́rin míì tì í?

Àwọn kan ti dáhùn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó bí mi. Ní New York, àwọn méjì kan wà tó ń jẹ́ Suicide: Alan Vega ń kọrin, Martin Rev ń tẹ dùùrù. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1977. Dùùrù oníná Farfisa ni Rev lò, kì í ṣe synth olówó gọbọi. Ó fi ẹ̀rọ ìlù sí i, ó sì jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ya. Ní Brussels ní 1978, inú bí àwọn èrò débi pé wọ́n já makirofóònù gbà lọ́wọ́ Vega. Láìsí gìtá kankan níbẹ̀ o!

Ọdún 1978 yẹn náà ni Daniel Miller ní London fi Korg 700S tokunbo ṣe orin méjì nílé, "T.V.O.D." àti "Warm Leatherette", ó pe ara ẹ̀ ní The Normal, ó sì dá Mute sílẹ̀ kó lè gbé e jáde fúnra ẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni 700S náà ń mú jáde. Ní Jámánì, D.A.F. di èèyàn méjì, wọ́n gbé *Alles ist gut* jáde ní 1981: ìlù, igbe, àti báàsì synth tó ń yí po bí ẹ̀rọ ata. Korg MS-20 wà lára ohun tí wọ́n ń lò.

Ẹ má wá sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni. Àwọn ọmọ tó ń ṣe wéré nígbà ààwẹ̀, tí wọ́n ń fi ìlù àti ohun tọ́wọ́ wọn bá bà jí àwọn èèyàn fún sààrì, ṣé ẹnì kankan fún wọn ní ìwé ẹ̀rí ni? Ibẹ̀ ni fújì ti wá. William Onyeabor ní Enugu náà, funk ni tiẹ̀, kì í ṣe punk, àmọ́ láàárín 1977 sí 1985 ó ń fi synth ṣe àwo lórí àwo, ó sì ń gbé wọn jáde lábẹ́ iléeṣẹ́ tara ẹ̀. Kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọjà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ní laptop tó ṣì lágbára, ẹ má náwó rárá. Surge XT wà lọ́fẹ̀ẹ́, Vital náà ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, méjèèjì á sì kígbe tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n kígbe. Bátìrì laptop tèmi kì í pé wákàtí kan, ìdí nìyẹn. Àti pé, ká sòótọ́, mo fẹ́ nǹkan tí mo lè fọwọ́ mú. Ká máa fi ìka yí mouse nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń làágùn níwájú, ó dà bíi pé mò ń kọ lẹ́tà sí báńkì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, mi ò lè rà á. MS-20 mini. 1978 ni MS-20 àkọ́kọ́ jáde, ní 2013 Korg tún un ṣe, wọ́n dín in kù sí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀. Filter méjì ló wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì yí wọn dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ ìkókó àdúgbò á jí. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, mo dákẹ́. Àjọ ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbà, kì í ṣe mẹ́ta.

Volca Keys àti Volca Bass, ti Korg náà, ni mo rò jù lẹ́yìn ìyẹn. Bátìrì AA mẹ́fà ló ń gbé e, sípíkà sì wà nínú ẹ̀. Fún ẹni tí kì í ríná, mi ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ tún bi mí léèrè: ẹ lọ ra Volca. Ohun tó lé mi sá ni pé kò ní kíì gidi. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ ó máa fìka tọ́. Èmi máa ń gbá nǹkan tí inú bá ń bí mi, orin wa sì rèé, gbogbo ẹ̀ ni inú ti ń bí wa. Pocket Operator náà dáa, bátìrì AAA méjì péré, àmọ́ ó rí bíi kalikulétọ̀ tí wọ́n bọ́ ara ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni tiẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù, kó wá Monotron. Ó tó fi sápò, irú filter MS-20 ló wà nínú ẹ̀, ihò sì wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ lè ti ki ohùn fóònù yín bọ̀ ọ́ kó lè bà á jẹ́ fún yín.

Èyí tí mo wá rà ni MicroBrute ti Arturia, tokunbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Nínú irú synth báyìí, ibì kan wà tí ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn yẹn máa ń kún, ó máa ń rí pàkápàkà, bí ògì tí wọn ò tíì sẹ́. Filter ni asẹ́. Ẹ pa á dé, gbogbo eèrí á dúró sẹ́yìn, ohun tó máa jáde á jọ̀lọ̀. Ẹ ṣí i, àtomi àteèrí á jọ máa bọ̀. Orin ìfẹ́ ló ń fẹ́ ògì tó jọ̀lọ̀. Eèrí lèmi ń rà.

Knob kan wá wà lára MicroBrute tí wọ́n ń pè ní Brute Factor. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó mú ohùn tó ti jáde tán, kó dá a padà sínú, kó tún jáde, kó tún padà wọlé. Ẹ rántí ìgbà tí alága ìdúró gbé makirofóònù sún mọ́ sípíkà tí gbogbo gbọ̀ngàn fọwọ́ dí etí. Irú ẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa pinnu bó ṣe máa pọ̀ tó. Tí mo bá yí i díẹ̀, ohùn á sanra. Tí mo bá yí i kọjá ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Dé òpin, èmi àti ẹ̀ la jọ ń jà, mi ò sì mọ ẹni tó máa borí. Ohun tí gìtá ń ṣe fún àwọn punk nìyẹn, pé kó máa ku díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ.

Kíì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ní, kékeré, àmọ́ ó ṣeé gbá. Sequencer wà nínú ẹ̀ tó lè máa tún báàsì kan náà tẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi méjèèjì ń yí knob. Kò lè tọ́jú ohùn kankan o. Tẹ́ ẹ bá ṣe ohùn tó dùn lónìí, ẹ fi fóònù ya àwòrán knob yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti lọ nìyẹn. Èyí ò dùn mí. Orin mẹ́fà péré la ní.

Ọ̀rọ̀ iná: 12V ló ń lò. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń rò báyìí, bátìrì ọkọ̀ náà 12V ni. Ẹ má fi wáyà so ó mọ́ ọn tààrà o! Bátìrì ọkọ̀ tó kún máa ń ju 12V lọ, tó bá sì wà lórí chárjì ó tún lè kọjá 14V. Bọ̀dá tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà wa ló fi regulator sínú páálí kékeré kan fún mi, wọ́n sì wo èwo ni pọ́sítíìfù, èwo ni nẹ́gátíìfù, kí wọ́n tó so ó pọ̀. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá mú iná lọ, orin ò dúró.

Ẹni tó bá ń ra tokunbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé earphone tiyín dání. Ẹ yí gbogbo knob jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ fetí sí bóyá ó ń ha. Ẹ tẹ gbogbo kíì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè adaptor tó bá a wá láti iléeṣẹ́. Knob kan ń ha lára tèmi, mo ní kí ẹni tó ń tà á gbọ́ ọ fúnra ẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì já owó lé e. Ní báyìí, híha yẹn ti wà nínú orin wa kan.

Bọ̀dá mi wá wò ó lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n fìka mẹ́ta tẹ kọ́ọ̀dù, ohùn kan ṣoṣo ló jáde. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n wò mí. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn."

"O ra kíbọ́ọ̀dù tí ò lè tẹ kọ́ọ̀dù." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, Màámi náà bá wọn rín in láti ìta. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo wá yí Brute Factor. Bọ̀dá mi dákẹ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n yí i fúnra wọn, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní kí lèyí. Mo ní ohùn ìta lè gba ibẹ̀ wọlé.

Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé PSR wọn wá látinú ọkọ̀.

Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n yàn, wọ́n tẹ kọ́ọ̀dù ńlá kan, gbogbo ẹ̀ gba inú filter MicroBrute kọjá, ó sì jáde bíi pé òrùlé ń ya. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn lórí ẹní ló fò dìde. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò kan ògiri. Bọ̀dá mi ò gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n máa ṣe tán, wọ́n ní, "Má jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́ èyí." Wọ́n wá bi mí pé ọjọ́ wo la tún máa ń ṣe é.

Màámi ò tíì gba ìdáhùn sí ìbéèrè wọn. Mo ti ń bá bọ̀dá mi lọ sóde lọ́jọ́ Sátidé báyìí, mò ń gbé sípíkà, mò ń so wáyà, wọ́n sì ń jẹ́ kí n tẹ PSR tí wọ́n bá fẹ́ jẹun. Owó tí mò ń gbà níbẹ̀ ni mo fi ń dá àjọ tuntun.

Amp báàsì ni mò ń wá pẹ̀lú èyí. Ẹni tó bá ní tokunbo tó fẹ́ tà n'Íbàdàn, ẹ kọ iye ẹ̀ sísàlẹ̀. Tí sípíkà inú ẹ̀ bá ti ya díẹ̀, ẹ má tún un ṣe.