Ìdí tí Mo Fi Jẹ́ Ajàfẹ́tọ̀ọ́ Obìnrin

Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ọkùnrin bí èmi ń pe ara rẹ̀ ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, ṣe ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ìyàwó mi ti fún mi ní nǹkan jẹ. N kì í bá wọn jà, nítorí pé kì í ṣe ìyàwó mi ni ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ. Òun ni ó máa ń kọ́ mi ní ìṣirò lálẹ́ nídìí àtùpà. Ní ọdún 1977, ó jáde ìwé mẹ́fà, ó sì yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama. Àgbẹ̀ oníkòókò ni bàbá wa. Wọ́n ní owó tí ó wà nílẹ̀ kò ju ti ọmọ kan lọ, àti pé èmi ọkùnrin ni àwọn yóò fi í pamọ́ fún, nítorí pé ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ìjọba tuntun gorí àlééfà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Mo wọ ilé-ìwé láìsan owó kankan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà. Kò tíì pẹ́ jù fún un láti padà. Síbẹ̀, bàbá kò sọ̀rọ̀, ìyá kò sọ̀rọ̀, èmi pàápàá kò sọ̀rọ̀. Òun ni ó rán aṣọ ilé-ìwé tí mo wọ̀.

Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, àwọn ọmọbìnrin ni mo máa ń rán lọ pọnmi nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń ṣiṣẹ́ ìwé. Ní ọjọ́ kan, bí ọ̀kan nínú wọn ti gbé garawa, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Láti ọjọ́ náà, tọkùnrin tobìnrin ni ó ń pọnmi ní kíláàsì mi.

Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ti ń jẹ Ìyálóde kí òyìnbó tó máa ṣe ìjọba lórí wa. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó-orí, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949.

N kò kórìíra ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni wọ́n ṣe. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí a má ṣe fi ọ̀nà ọmọ kan dí nítorí èkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ránṣọ títí di òní. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a gbé ìṣirò wá bá mi. Kí n tó mú bírò, òun a ti dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.