Àwọ̀ Tó Wà Láàárín Ìlà Méjì

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yíya àwòrán ìṣirò bíi tèmi kò lè fo William Playfair dá, ọmọ Scotland tó ti fìgbà kan ya àwòrán ẹ̀rọ fún James Watt. Ní ọdún 1786 ló tẹ ìwé Commercial and Political Atlas jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán kan nínú rẹ̀ fi òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè hàn, láti 1700 dé 1780. Ìlà kan dúró fún ọjà tó ń wọlé, ìkejì fún èyí tó ń jáde. Wọ́n kun àlàfo àárín wọn láwọ̀, Playfair sì kọ̀wé sínú rẹ̀ láti sọ ibi tí òwò ti burú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibi tó ti dára fún un. Orí bàbà ni wọ́n fín àwòrán náà sí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kùn ún lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tí kò mọ̀ ju owó kíkà lọ yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé láàárín 1750 sí 1760 ni nǹkan yí padà.

Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, mo gbà pé láti ìgbà náà ni ìṣìnà kan ti wọ iṣẹ́ wa, àwọ̀ náà ló sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ohun méjì ni òǹkàwé ń wá nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀: èwo ló wà lókè, àti èló ló fi ju èkejì lọ. Àwọ̀ dáhùn ti àkọ́kọ́ kíákíá. Ní ti èkejì, ńṣe ló ń tan ojú jẹ. Gígùn òòró, láti ìlà kan dé ìkejì lórí ọdún kan náà, ni iye tí à ń wá. Ṣùgbọ́n ojú máa ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá: ibi tí bèbè méjèèjì ti súnmọ́ra jù lọ ló ń wá, kódà bó dagun. Níbi tí ìlà méjèèjì bá ti jọ ń gòkè fòò, àlàfo á dà bíi tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ owó ńlá ló wà níbẹ̀. William Cleveland, onímọ̀ ìṣirò, fi èyí hàn nínú The Elements of Graphing Data, ní 1985. Ó mú òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú East Indies tí Playfair yà, ó yọ iye kan kúrò nínú èkejì, ó sì ya ìyàtọ̀ wọn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn 1760 díẹ̀, ìyàtọ̀ náà fò sókè, ó sì tún já wálẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fura sí i nínú àwòrán Playfair. Àwọn kan yóò ní oníṣòwò tó ń kánjú ni Playfair ń yàwòrán fún, ẹ má fi ìyọkúrò da irú wọn láàmú. Mo gbà pé ó ń kánjú, ṣùgbọ́n èló gan-an ni oníṣòwò ń wá. Kí a fi àwọ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, kí a sì ya ìlà ìyàtọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ibi kan wà tí àwọ̀ kì í ti í parọ́: abẹ́ ìlà ìṣeéṣe. Gíga ìlà yẹn kì í ṣe ìṣeéṣe. Bí àwọn iye bá kóra jọ sójú kan, ìlà lè ga kọjá 1, bẹ́ẹ̀ ìṣeéṣe kankan kò lè ju 1 lọ. Ààyè abẹ́ rẹ̀ ni ìṣeéṣe, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 1. Lábẹ́ ìlà onírìísí agogo òdiwọ̀n (standard normal), bí a bá kun ohun tó kọjá 1.96 lápá ọ̀tún, ìdá 2.5 nínú 100 la kùn. Iye kan náà ló wà lápá òsì. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ fi ń ya agogo kékeré tí wọ́n kun ìrù rẹ̀ sórí tábìlì wọn. Edward Tufte, onímọ̀ ìṣirò kan, ní 1983, ní kí a pa yíǹkì tí kò gbé iye kankan rẹ́. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ yìí lòdì sí gbogbo kíkùn kò wò ó dáadáa, nítorí níbí, yíǹkì náà gan-an ni iye. Àmọ́ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí a bá gé e, ohun tí a kùn kò bá ìṣirò mu mọ́.

Kọ̀ǹpútà ti gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wa, kò gba ìrònú. Nínú èdè kọ̀ǹpútà R, àṣẹ polygon ń fẹ́ kí a tẹ̀lé ìlà òkè lọ, kí a sì gba ìlà ìsàlẹ̀ padà. Nínú irinṣẹ́ ìyàwòrán Matplotlib, bí a bá ní kí àṣẹ fill_between fi àwọ̀ méjì kun apá méjèèjì, ó lè dúró sórí ọdún tó kẹ́yìn kí ìlà tó kọjá ara wọn, kó fi igun kan sílẹ̀ láìkùn, àfi bí a bá pa á láṣẹ kó wá ojú ìkọjá gan-an. Ọjọ́ tí òwò yí padà ni igun yẹn, òun sì ni òǹkàwé ń wá.

Ní 1996, báńkì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bank of England, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán onírìísí abẹ̀bẹ̀ sọ ibi tí ọ̀wọ́ngógó ọjà lè dé lọ́jọ́ iwájú. Àárín dúdú jù, etí rẹ̀ ń ṣá lọ, gbogbo rẹ̀ sì gba ìdá 90 nínú 100 ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń bẹnu àtẹ́ lu irú rẹ̀ pé òǹkàwé ń ka etí sí ògiri tí nǹkan kò lè kọjá. Òótọ́ ni, kò sì sí àwọ̀ tó lè wo èyí sàn. Ọ̀rọ̀ ni yóò ṣe é: kí a kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán pé ìdá 10 wà níta.