Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kì í Kú Kí Ọmọ Rẹ̀ Tó Yọ: Ohun Tí Harper àti Soto Fi Kọ́ Washington

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ ohun kan tí ẹni tó ń pòwe lè má rántí: ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá wó kí ó tó yọ. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń hù, inú ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti jọ ń jẹ, nígbà tí ìyá ṣì wà lórí ìdúró. Ẹni tí kò bá ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko lọ́jọ́ tí ìyá wó, yóò gbin òmíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ni yóò kọ́kọ́ pa á.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò yìí ni ó máa ń dààmú àwọn tó ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Bí àdéhùn ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ parí, ṣé kí wọ́n tún tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀? Washington Nationals, ẹgbẹ́ tó wà ní olú-ìlú Amẹ́ríkà, dojú kọ ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 4. Bryce Harper ni ti àkọ́kọ́, Juan Soto ni ti ìkejì. Nígbà náà, àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá, níbi tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi igi gbá jìnnà máa ń balẹ̀ sí. Àwọn méjèèjì sì ni alátakò ń bẹ̀rù bí igi bá ti wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí a mọ òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdíje ńlá wà lábẹ́ àṣẹ ẹgbẹ́ tó gbé e jáde fún ọdún 6. Láàárín àkókò yìí, kò lè dá lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn. Bí ọdún náà bá pé, ó gba òmìnira, ẹgbẹ́ tó bá sì wù ú ni yóò lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 19 yóò gba òmìnira ní nǹkan bí ọmọ ọdún 26, nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì kún. Ìdí nìyí tí irú wọn fi máa ń gba àdéhùn ọdún 10, 13 tàbí 15. Ohun tí ojú rí lánàá ni ó ń mú kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ni wọ́n ń fi owó náà rà.

Ọdún 2010 ni Washington mú Harper ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣà lọ́dún náà. Ó wọ ìdíje ńlá ní 2012, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó pegedé jù. Ní 2015, gbogbo olùdìbò ni ó fẹnu kò pé òun ni ó ta yọ jù lọ ní líìgì National. Ní ìparí sáà 2018, ẹgbẹ́ náà fi ọdún 10 àti mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn tó jáde fi hàn pé apá tó pọ̀ nínú owó náà di ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó san án. Harper kọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ó bá Philadelphia Phillies tọwọ́ bọ̀wé ọdún 13 fún mílíọ̀nù 330. Nígbà tí ó padà wá sí Washington nínú aṣọ tuntun ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, àwọn tó ti ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin tẹ́lẹ̀ hó lé e lórí. Igi ni ó fi dá wọn lóhùn. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá odi pápá, Phillies sì borí, 8 sí 2. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jọ pé Washington ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nílẹ̀. Juan Soto, ọmọ Dominican Republic, ti wọ ẹgbẹ́ náà láti oṣù Karùn-ún 2018, ní ọmọ ọdún 19. Òun àti Harper jọ ṣọ́ ẹ̀yìn pápá kan náà ní sáà tí Harper lò kẹ́yìn, Soto sì gbá bọ́ọ̀lù 22 kọjá odi ní sáà náà. Victor Robles náà ti wà nítòsí, ó ń dúró de àyè. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ẹgbẹ́ náà ti fi mílíọ̀nù 140 dọ́là gba Patrick Corbin, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jíju bọ́ọ̀lù sí àwọn tó ń gbá a.

Sáà 2019 kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nínú eré 50 àkọ́kọ́, 19 péré ni wọ́n borí. Nígbà tí yóò fi parí, wọ́n ti borí 93. Soto, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21, ni ó gbá bọ́ọ̀lù tó yọ wọ́n lọ́wọ́ Milwaukee nínú eré kan ṣoṣo tí ẹni tó bá pàdánù yóò gba ilé lọ. Ó tún gbá 3 kọjá odi nínú World Series tí wọ́n ti borí Houston Astros. Ní eré keje tó parí gbogbo rẹ̀, Corbin wà lára àwọn tó ju bọ́ọ̀lù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ìṣẹ́gun náà sí. Láti 1924 ni ìlú Washington ti gba irú ife bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Phillies, pẹ̀lú Harper, borí 81, wọ́n sì pàdánù 81.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí fi hàn pé ìràwọ̀ kì í ṣe dandan. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kọ́ nìyẹn. Lílọ Harper kọ́ ni ó gba ife náà. Àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ kí ó tó lọ ni wọ́n gbà á. Nígbà tí ayẹyẹ parí, ó jọ pé ẹgbẹ́ náà gbàgbé ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Anthony Rendon, ọ̀kan nínú àwọn òpó ilé, gba ọ̀dọ̀ Los Angeles Angels lọ fún mílíọ̀nù 245 dọ́là, ọdún 7. Iye kan náà àti ọdún kan náà ni Washington fi dá Stephen Strasburg dúró, ẹni tó ta yọ jù nínú World Series náà. Ìpalára jẹ ọ̀pọ̀ ọdún Rendon ní Angels. Strasburg, ní tirẹ̀, eré 8 péré ni ó tún ju bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí wọ́n dá dúró àti ẹni tí wọ́n jẹ́ kó lọ, ọgbọọgba ni ọ̀rọ̀ wọn já sí. Nínú oko Washington, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó máa hù kò sì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Soto ṣe kàn ní 2022. Ẹbí Lerner, tó ni ẹgbẹ́ náà, ti kéde pé àwọn ń wò ó bóyá àwọn yóò tà á. Wọ́n fi ọdún 15 àti mílíọ̀nù 440 dọ́là lọ Soto, àpapọ̀ owó tí àdéhùn kankan nínú eré náà kò tíì tó nígbà yẹn. Ó kọ̀. Ó ku ọdún 2 ààbọ̀ kí ó tó gba òmìnira, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, wọ́n fi òun àti Josh Bell ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú San Diego Padres, wọ́n sì gba agbábọ́ọ̀lù 6, tí 5 nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí Harper lọ, Soto ti wà nínú pápá. Nígbà tí Soto lọ, James Wood, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà tí ó wá gba àyè ní ẹ̀yìn pápá, ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 19 tó ń kọ́ṣẹ́ nínú ìdíje kékeré. Kò wọ ìdíje ńlá títí di oṣù Keje 2024. Washington pàdánù eré 107 nínú 162 ní 2022. Wọ́n borí 71 ní 2023, 71 ní 2024, àti 66 ní 2025. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n yọ Mike Rizzo, ọ̀gá tó ṣe pàṣípààrọ̀ náà, àti akọ́nimọ̀ọ́gbá Dave Martinez níṣẹ́, àwọn méjèèjì tó jọ gbé ife 2019 wálé.

Ó yẹ kí ìdájọ́ wa jẹ́ òdodo. Bóyá ni owó Washington ìbá lè dá Soto dúró rárá. Lẹ́yìn sáà kan pẹ̀lú New York Yankees, tí wọ́n jọ dé World Series 2024, New York Mets fún un ní ọdún 15 àti mílíọ̀nù 765 dọ́là. Ẹni tó kọ 440 mọ ohun tí òun ń ṣe. Àwọn tí Washington gbà kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: CJ Abrams, MacKenzie Gore àti Wood ni wọ́n ti yàn sí eré àwọn ìràwọ̀. Mets pàápàá rí i pé ẹnì kan kì í jẹ́ àwádé: Soto gbá 43 kọjá odi fún wọn ní 2025, síbẹ̀ wọn kò rí àyè wọ ìdíje àṣekágbá.

Lójú oníṣirò, nígbà náà, ọjà Washington kò burú. Ṣùgbọ́n olólùfẹ́ tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kì í jẹ ìṣirò. Òun ni ó ra aṣọ Harper fún ọmọ rẹ̀, tí ọmọ bọ́ ọ sílẹ̀; tí ó tún ra ti Soto, tí ọmọ tún bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lè tọrọ sùúrù lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá sọ iye ọdún tí ebi náà yóò fi wà fún un láìfi nǹkan bò. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n máa pe ìyàn ní àyípadà lásán.

Nítorí náà, oṣù tí àdéhùn ń parí kọ́ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ máa béèrè bóyá kí ìràwọ̀ dúró tàbí kí ó lọ. Ní àkókò yẹn, iye owó nìkan ni ó kù láti jiyàn lé lórí. Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni ìbéèrè náà yẹ, nígbà tí ìràwọ̀ ṣì ń tàn, tí àyè ṣì wà láti gbin ẹlòmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọdún 6 ti James Wood náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kí àwọn tó gba ipò Rizzo tó ṣí àpò owó, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú pápá, bóyá ọmọ kan ti ń yọ níbẹ̀.